Ẹ̀rọ Tí Bàbá Mi Bọ́ Lépo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi da ìgò epo pupa kan sínú ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, ẹ̀rọ náà sì kú lọ́jọ́ kejì. Ìkọ̀lé ló ti ṣẹlẹ̀, mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ilé Ògún ni wọ́n sì bí wọn sí. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tiwọn. Awakọ̀ ẹrù kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ló rà á ní Èkó, níbi tí àwọn òyìnbó kan ti ń kó ẹrù ilé ìgbafẹ́ wọn kúrò nílẹ̀, ó sì gbé e sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ gbọ́. Ó dà bí tábìlì tó dagun díẹ̀, gíláàsì bo ojú rẹ̀. Ẹ ó ta bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sókè, yóò máa yí bọ̀ nísàlẹ̀, yóò máa kọlu àwọn òpó kúkúrú tó ń gbá a padà. Agogo á máa dún, nọ́ńbà á máa yí lójú pátákó tó dúró lókè. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Wáyà ni, àti kọ́ìlì tó ń fa irin, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé irin tín-ín-rín tí wọ́n tò ní méjìméjì. Níbi tí ewé méjì bá ti fẹnu kanra, iná á kọjá. Kọ́ìlì á fa, agogo á dún.

Àwọn àgbẹ̀ láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti Òsì, bí wọ́n bá ti ta iṣu wọn tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń yà sí kí wọ́n tó lọ sílé. Kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa wàásù pé ohun ìṣeré èṣù ni, àwọn tó sì ń gbọ́ ìwàásù náà ní òwúrọ̀ ń lọ ta bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro bí irin tó gbẹ. Awakọ̀ pe bàbá mi. Ta ni ì bá tún pè? Nílé tiwa, irin kì í gbẹ lẹ́nu. Ọkọ́ tuntun kì í kúrò ní àgbẹ̀dẹ láìfi epo kàn án, àdá tí kò ní í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, inú epo ló ń sùn. Ohun tí bàbá wọn ì bá ṣe náà ni bàbá mi ṣe. Wọ́n ṣí ikùn ẹ̀rọ, wọ́n ń da epo sí gbogbo ohun tó ń mira níbẹ̀, wọ́n sì ń wúre fún ọ̀rẹ́ wọn bí wọ́n ti ń dà á. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kò han mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, agogo kò dún, òpó kò gbá nǹkan kan, bọ́ọ̀lù kàn ń ṣubú bí òkúta sínú kànga.

Awakọ̀ kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kò yà sí àgbẹ̀dẹ mọ́. Kí ọjà tó tún ná, wọ́n ti sọ bàbá mi lórúkọ: alágbẹ̀dẹ tó bọ́ ẹ̀rọ pa. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ọkọ́ wọn kọjá níwájú wa lọ sí Ìdó. Lọ́jọ́ ọjà gan-an, mo bá bàbá mi ní ìdí ẹwìrì, eérú tútù ló wà níwájú wọn. Awakọ̀ sì ti sọ pé bí òun bá tún ń lọ sí Èkó, òun á gbé ẹ̀rọ náà lọ tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn ni à bá máa jẹ́ títí dòní. Mo ní kò ní í lọ.

Mo lọ bẹ awakọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa wò ó, ojú kì í ba nǹkan jẹ́. Mo rí bébà kan tí wọ́n ká sínú ikùn ẹ̀rọ, wọ́n fi ìlà ya ọ̀nà tí iná ń gbà. Èdè òyìnbó inú rẹ̀ kò yé mi tó, ṣùgbọ́n ìlà kò nílò ògbufọ̀. Mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ bí ẹni ń tọ ọ̀nà oko, mo sì ń wo ibi tí ewé méjì ti di afárá fún iná. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé nínú kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀kan ṣì ń yí. Mo wo ewé irin tirẹ̀: gbígbẹ ni. Epo kò dé ibẹ̀. Ti àwọn mẹ́ta yòókù ń dán, wọ́n pupa. Epo tó ń jẹ́ kí irin méjì kọjá lára ara wọn láìha ara wọn, òun náà ló dúró láàárín àwọn tó yẹ kí wọ́n kan ara wọn.

Báwo ni ọmọ á ṣe wí fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló pa nǹkan? Mo lọ kúnlẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ. Mo ní, “Bàbá, epo ni.”

Wọ́n fi ọ̀pá tú eérú tó wà níwájú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Irin kan wà láyé tí kì í jẹun?”

“Ó ń jẹun, Bàbá. Iná ló ń jẹ.”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ọwọ́ mú fìlà wọn.

Bàbá mi bẹ awakọ̀, ó sì jẹ́ kí a ṣí ẹ̀rọ náà. Iná àgbẹ̀dẹ ti mú kí ìka wọn yi, wọn kò lè mọ ewé irin lára. Wọ́n tẹ méjì wọ́, wọ́n sì fà sẹ́yìn fún mi. A yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Mo fi àkísà tí a rẹ sínú pẹtiróòlù fọ epo kúrò, mo jẹ́ kó gbẹ. Ó ku ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ewé, bébà líle ni mo nílò. Ìyá mi ló mú káàdì ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí kátíkíìsì gbọ́. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo ń fi í sáàárín ewé méjì, mo ń fún wọn pọ̀, mo ń fà á yọ, títí káàdì fi ń jáde ní funfun. Àwọn tó wọ́, mo tẹ̀ wọ́n padà títí àlàfo àárín wọn fi tín-ín-rín bí èékánná.

Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà láàyè. Mo lọ bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, “Agogo yẹn ni mo gbọ́, mo da kẹrosíìnì sílẹ̀. Bàbá rẹ ń pariwo kiri ọjà pé, ‘Èmi ni mo bà á jẹ́, ọmọ mi obìnrin ló tún un ṣe!’ Mo ní, ṣé orí alágbẹ̀dẹ yìí pé?”

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ilé Ògún wá bá wa, wọ́n ní ọmọbìnrin kì í ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ irin, ajá kan ni ìtanràn rẹ̀. Bàbá mi kò dìde fún wọn. Bàbá mi ní, “Ìyàwó ta ni kì í fi ọ̀bẹ bẹ uṣu nínú yín? Ta ló rọ ọ̀bẹ náà? Ní ọjọ́ tí irin bá di ti ọkùnrin nìkan, ẹ padà wá gba ajá yín.” Ẹnikẹ́ni kò padà wá. Kí ọjà méjì tó ná, ọkọ́ ti ń bọ̀ láti Òsì.

Awakọ̀ fi ẹ̀rọ náà fún mi kó tó kú, àti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ náà wà. Mo ti di àgbà, mo ṣì ń ṣí i, mo sì ń kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ayé ti yí. Fóònù ọwọ́ yín, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá dákẹ́, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó ra òmíràn. Wọ́n ti kọ́ yín pé ohun tó bàjẹ́ kò ní inú tí ènìyàn lè wò. Èmi kò gbà, n kò sì ní í gbà.

Lóṣù tó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní àwọn ń kó pàǹtí kúrò ní àyíká ọjà. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ọkọ̀ akóẹrù. Ó ní bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lójú àwọn, ọkọ̀ á gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á pa àmì pupa yẹn rẹ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ilé ìkọ́ṣẹ́ ni ibẹ̀. Ọjọ́ Ajé dé, mo ta bọ́ọ̀lù sókè lójú wọn, agogo dún, wọ́n sì pa àmì pupa náà rẹ́.