Pín-ìnnì Etí Yẹ̀rì

Bí òtútù bá ti dé sí Highbridge, àdúgbò wa ní òkè òkun níbí, Àǹtí tí a jọ ń gbé máa ń fi pín-ìnnì há etí yẹ̀rì wọn, kí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ má baà máa ta iná pàrà. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú níṣẹ́, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kí iná ara aṣọ lè kúrò lára wọn. Bí mo bá gbàgbé, tí mo fọwọ́ kan àwọn náà bẹ́ẹ̀, wọ́n á jágbe mọ́ mi: "Ẹni tí ara ń ro, o tún fẹ́ kí iná gbé e?"

Rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ báyìí. Lánàá, mo bọ́ súẹ́tà mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ fo irin dá, mo di ọwọ́ wọn mú. Iná ta pàrà láàárín wa. Mo ń retí kí wọ́n jágbe. Ojú wọn kò kúrò lára ògiri.