Ọ̀sẹ̀ Tí Ọmọ Náà Kò Sunkún

Òórùn tí ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí yàrá wa ní Basawa ni ti òrí tí ó ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú, pẹ̀lú eruku ọyẹ́ tí ń ta ènìyàn nímú bí ata gbígbẹ. Ìwọ náà gbé Zaria nígbà yẹn, o mọ irú ọyẹ́ tí mo ń wí. Kì í ṣe ọyẹ́ ilé wa lọ́hùn-ún tí oòrùn ń lé lọ kí a tó jẹun àárọ̀ tán. Ti Zaria a máa la ètè, a máa ya gìgísẹ̀, omi inú ìkòkò a sì tutù débi pé yóò máa dun ni léegun.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo wà ní ọdún tí mo máa fi parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì, kẹ́mísìrì ni mò ń kà, mo ti gbéyàwó, a sì ti bí ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Ìròyìn dé pé ìyá ìyàwó mi ń ṣàìsàn gidigidi ní Ọ̀fà. Èéyi ń jà láàrin àwọn ọmọdé agboolé wọn, nítorí náà a pinnu pé kí ìyàwó mi lọ wò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, a sì ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo sin ìyàwó mi dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òtútù mú un o!” Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí àṣẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ náà sunkún ìyá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo kọ́ ohun tí wọn kì í kọ́ ọkùnrin. Mo kọ́ pé ìgúnpá ni a fi ń mọ bí omi ìwẹ̀ ṣe gbóná sí, nítorí àtẹ́lẹwọ́ a máa purọ́. Mo kọ́ pé kí omi ara ọmọ tó gbẹ tán ni kí a ti fi òrí pa á, pé kòkó, ògì àwọn Hausa, tí a bá rà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí atalẹ̀ inú rẹ̀ má baà ta á lẹ́nu. Tí ènìyàn bá sì fẹ́ pọn ọmọ, àfi kí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa bí ẹni ń ro oko, kí ó di apá ọmọ mú ṣinṣin, kí ó tó na ọwọ́ sí ọ̀já. Èmi so ọ̀já tèmi bí ẹni so ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin ará Ìlọrin kan tí ó ń ta obì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti pọn ọmọ jáde báyìí, yóò pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: “Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ṣé ọmú ń sun dáadáa?” Èmi náà á ní, “Ó ń sun. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù wá.”

Òtútù náà wá ń le sí i. Ìyá ẹni tí ó ni ilé, arúgbó Hausa kan tí gbogbo agboolé ń pè ní Inna, rí i tí ọmọ ń gbọ̀n lẹ́yìn ìwẹ̀, ó sì kọ́ mi bí àwọn ṣe ń ṣe é: kí n da ẹ̀yinná èédú sínú àwo amọ̀, kí n gbé e sínú yàrá kí ara ọmọ lè móoru. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yá mi ní àwo. Mo ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ ní yàrá tirẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó yí i ká. Ohun tí n kò wò ni yàrá náà. Ẹní lásán ni ó ta sí ẹnu ọ̀nà, ihò sì wà lókè ògiri rẹ̀. Tèmi ní ilẹ̀kùn pákó àti fèrèsé pákó, mo sì ti ki ìwé ìròyìn bọ gbogbo àlàfo ara wọn nítorí eruku. Mo rọ àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo máa ń dúró kí èédú pọ́n dáadáa, kí èéfín tán pátápátá, kí n tó gbé e wọlé, nítorí èéfín ni mo rò pé ó jẹ́ ọ̀tá. Ìgbà tí ọmọ bá sùn, mo máa fi iná náà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹní rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé, mo máa jáde, mo sì máa pa ilẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sùn lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀ títí oòrùn fi gòkè. Mo gbé àga síta sínú oòrùn, mo kàwé fún wákàtí méjì gbáko láìsí ẹni tí ó dá mi dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ kejì, ó sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta, ó jí, ó bì. Mo ní eyín ni ó ń hù. Orí ń fọ́ èmi náà ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá wẹ̀ fún un tán. Mo ní ìwé kíkà ni. Kò sunkún ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tí ń wo ènìyàn láti òdìkejì odò. Tí mo bá fi kòkó sí i lẹ́nu, á gbàgbé láti gbé e mì. Mo ń fọ́nnu fún oníobì pé ọmọ ti mọ́ mi lára. Ó wo ọmọ náà, kò ṣe àwàdà kankan.

“Ọmọ yìí dákẹ́ jù,” ó ní.

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn?” mo dá a lóhùn, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ karùn-ún, oòrùn ti ga nígbà tí Inna bu ẹ̀pà sísun díẹ̀ wá fún ọmọ. “Salamu alaikum, Malam. Ina yarinya?” Ó ń béèrè ibi tí ọmọbìnrin náà wà. Mo ní ó ń sùn láti ìgbà ìwẹ̀. Ó wo oòrùn, ó wo ilẹ̀kùn tí mo pa dé, ó wo àkísà tí ó yọ imú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà náà dà sílẹ̀. N kò rí arúgbó yẹn kí ó sáré rí. Èjìká ni ó fi gbá ilẹ̀kùn. Ooru inú yàrá kọlù wá lójú, kò sì sí èéfín kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà wà bí mo ṣe tẹ́ ẹ sí, ọwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí Inna gbé e, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn bí orí adìẹ tí a pa.

Ó gbé e sáré sí àárín àgbàlá, ó bọ́ gbogbo aṣọ tí mo fi wé e, ó sì tẹ́ ọmọ náà níhòòhò sínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Mo ń pariwo, “Inna, òtútù! Òtútù!” Yorùbá ni mo fi ń pariwo, Hausa ti sá kúrò lẹ́nu mi. “Rufe baki!” ó jágbe, pé kí n pa ẹnu mi dé. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó ń gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń pè é. Oníobì ti jáde, ó ká ọwọ́ lérí. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo tẹjú mọ́ àyà kékeré yẹn, mo ń retí kí ó gbéra, kò sì gbéra. Lẹ́yìn náà ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó bì, ó lanu, ó sì ké igbe kan tí ó tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò.

Oníobì gbé wa sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé ilé ìwòsàn míṣọ́n ní Wusasa, èmi lẹ́yìn, ọmọ láyà mi. Ní gbogbo ọ̀nà, bí ọmọ bá ti ń dákẹ́, yóò pariwo láìbojú wẹ̀yìn: “Já a léèékánná! Já a, kó ké!” Èmi bàbá rẹ̀ sì ń já ọmọ mi léèékánná láti Basawa lọ kí ó lè sunkún.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà tí ó gbà wá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó béèrè iṣẹ́ mi. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì padà sí ìwé tí ó ń kọ. Gáàsì tí èédú ń tú jáde nínú yàrá tí a dí pa, èyí tí kò láwọ̀ tí kò sì lóòórùn, mo ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Kò sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ìwé yẹn àti àwo amọ̀ Inna jọ ń gbé yàrá kan náà.

Ara ọmọ ti yá nígbà tí ìyàwó mi padà dé láti Ọ̀fà, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ gbádùn. Inna àti oníobì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi láti sọ. Mo rò ó fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé ìròyìn kúrò lára fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Gbogbo ọjọ́ tó fi dákẹ́ yẹn,” ó ní, “kí lẹ rò?”

“Mo rò pé mo ti mọ ọmọ tọ́ ni.”

Ìdáhùn yẹn ni n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ọmọ mi ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi sì jókòó sínú oòrùn, mò ń dúpẹ́. Àwọn bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ a máa wá bi mí bí wọ́n ṣe lè mú kí ọmọ yé sunkún. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó ké, ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí wọ́n dìde lọ wò ó. Ọmọbìnrin náà ti di ìyá àgbà báyìí, Kaduna ni ó ń gbé. Tí mo bá pè é lórí fóònù tí kò gbé e, mo máa ń pè léraléra títí yóò fi gbé e tìbínú-tìbínú: “Bàbá, mò ń sùn ni!”

“Ìdí tí mo fi pè nìyẹn,” ni mo máa ń wí.