Ọmọ Ogun Ogójì ní Ẹnu Ààlà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ilé alájà méjì yẹn nípa olóògbé tó ń ṣe gíláàsì ojú nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ọ̀sán gangan ni. Olóògbé jáde láti yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà wà. Ó bọ́ gíláàsì tó fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé èyí tó ní férémù dúdú tó nípọn wọ̀, ó sì sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá tẹ́lọ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń rán sòkòtò lọ́wọ́.

"Ẹṣin mẹ́wàá tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ta ló ń gùn wọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, inú géèmù ni wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni ò gùn wọ́n rí."

"Ẹṣin tẹ́nì kan ò gùn rí, ta ló wá júwe ọ̀nà ìlú mi fún un?"

Olóògbé dá gbogbo ẹṣin náà padà fún un lọ́jọ́ náà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí olóògbé tún yọjú, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n pé.

Eré ìjọba àti ogun ni wọ́n ń ta lórí kọ̀ǹpútà yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe kan kálukú. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: olóògbé, tẹ́lọ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú kékeré tó wà lókè. Ẹni tó bá kàn á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ jókòó, àwọn yòókù á dúró síta, torí kùukùu bo ilẹ̀ kálukú lójú ẹlòmíì. Onílẹ̀ nìkan ló ń rí ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n sì ti jọ fẹnu kò pé olórí tí èèyàn bá mú, ìwà rẹ̀ ni yóò máa hù. Nọ́ọ̀sì mú ayaba tó fẹ́ràn ilé kíkọ́. Tẹ́lọ̀ mú ọba oníṣòwò tó máa ń fún gbogbo èèyàn lẹ́bùn. Olóògbé mú ọba kan tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Bó ṣe di Ọba Afura nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ká má purọ́ mọ́ òkú, n ò tíì rí ẹni tó máa ń fọkàn tán èèyàn bíi tirẹ̀. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ mú gíláàsì lọ dán wò nílé, ọdún méjì kọjá, a ò rí i. Ìyàwó olóògbé béèrè. "Ó ṣì ń dán an wò," ló fèsì, kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé férémù dúdú yẹn wọ̀ lọ́sàn-án, ó parí nìyẹn.

Ìyàwó gbé oúnjẹ wá fún un, ó ta kété sí i. "Ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó gbé abọ́ wá, oúnjẹ inú rẹ̀ ò tó ìdajì. "Mo ti tọ́ ọ wò, Kábíyèsí. Mo tọ́ ọ wò dáadáa." Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò béèrè mọ́.

Nọ́ọ̀sì náà ò bọ́. Ó kọ́ ilé ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ààlà, tó ga débi pé ó yọrí lókè kùukùu. Olóògbé gun àtẹ̀gùn lọ bá a láàárín àwọn aláìsàn tó tò sílẹ̀.

"Ilé ìwé wo ló ní fèrèsé mẹ́rìnlélógún, tí gbogbo wọn kọjú sí mi?"

"Kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé ni, sà."

"Ìmọ́lẹ̀ ń gba apá kejì náà wọlé."

Àwọn aláìsàn sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín tí àwọn rín lọ́jọ́ yẹn ṣe àwọn lóore ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nídìí ẹ̀fẹ̀ yìí. Wọ́n ti ta eré kan ṣáájú. Nínú ìyẹn, tẹ́lọ̀ bá olóògbé ṣàdéhùn àlàáfíà láàárọ̀, ó sì gba olú ìlú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Olóògbé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin yìí ló rán tẹ́lọ̀ níwèé, ilé rẹ̀ ni tẹ́lọ̀ ti dàgbà. Nígbà tí eré tuntun wá bẹ̀rẹ̀, tó lọ mú ọba tí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, tẹ́lọ̀ gbà pé torí òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Olóògbé á gbé férémù dúdú wọ̀. "Ọmọ ogun ogójì ló wà ní ààlà tí mo bá ẹ pa. Àwọn méjì nínú wọn kì í sùn rárá."

Tẹ́lọ̀ á sáré lọ mọ odi. Nígbà tó mọ ọ́n yí ìlú rẹ̀ ká tán, ó mọ òmíràn tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rin ló fi ń bẹ̀bẹ̀, ọdún mẹ́rin ló fi ń gbọ́ nípa ogójì yẹn, kò sì mọ̀ bóyá ọba ló ń dá òun lóhùn ni àbí ọkọ ẹ̀gbọ́n òun.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré ló mú olóògbé lọ. Tẹ́lọ̀ jókòó tì í lójoojúmọ́, ojú sì ń tì í láti máa da aláìsàn láàmú nítorí eré. Ọjọ́ tó wá pinnu pé òun á bi í, ó ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ṣí yàrá ẹ̀yìn. Olóògbé ló kàn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á bá a ta á, kí eré má baà dúró. Nọ́ọ̀sì ń júwe ibi tí yóò tẹ̀ fún un. Tẹ́lọ̀ dúró síta, bó ṣe yẹ.

"Ẹ gbé mi lọ sí ààlà àbúrò mi," ni ìyàwó wí. "Ẹ jẹ́ n rí àwọn tí kì í sùn yẹn."

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló pe tẹ́lọ̀. "Wá, wọlé."

"Kò yẹ kí n wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ìlú yín ni."

"Mo ní o wọlé!"

Tẹ́lọ̀ wọlé, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí ọmọ ogun kankan níbẹ̀. Oko wà, kànga wà, ọ̀nà títẹ́jú kan sì wá tààrà láti olú ìlú ọba, ó dé ìdí odi tẹ́lọ̀, ó dúró síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà náà. Ọjọ́ kẹta tí eré tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ ni.

"Ogójì yẹn wá ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n. Ó fa àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ààlà tirẹ̀, ló bá figbe ta. "Èmi ni wọ́n ń ṣọ́! Gbogbo wọn pátá! Nítorí ilé ìwé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyàwó olóògbé fi di tábìlì mú. Tẹ́lọ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó kàn án, ó jókòó, ó sì wó odi méjèèjì ní ibi tí ọ̀nà náà dé.

"Ta ló máa wá gba ibẹ̀ kọjá báyìí?" nọ́ọ̀sì bi í jẹ́ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀," ni tẹ́lọ̀ wí.