Orúkọ Tí Ìyá Mubashir Kò Fẹ́ Pè

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn àdúgbò Lasunwọn sọ̀kalẹ̀, tí ẹ fi àwọn ilé tuntun orí òkè sílẹ̀, ẹ ó bọ́ sí àfonífojì kan tí àwa olẹ́ja ń lò. Adágún oníbúlọ́ọ̀kù ló kún ibẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn nínú wọn. Èmi ni mo ń ta oúnjẹ ẹja létí ọ̀nà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí n kì í rí, kò sì sí ìjà tí wọ́n ń jà níbẹ̀ tí kì í dé ìsọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Mubashir fún yín. Bó bá gbọ́ pé mo sọ ọ́, kó wá bá mi.

Mọ̀nsúrát lorúkọ rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni òun àti Làtífù ọkọ rẹ̀ ti wá. Làtífù ń lẹ táyà ní Itamaga, òun sì ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà. Àwọn búlọ́ọ̀kù adágún àkọ́kọ́ ní àfonífojì yìí, orí rẹ̀ ló fi rù wọ́n. Nígbà tí wọ́n mọ ọ́n tán, ẹni tó ni ilẹ̀ ní kó máa bá òun fún ẹja lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi gba adágún méjì, tó ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún. Obìnrin náà mọṣẹ́, n kò ní parọ́. Bó bá da oúnjẹ sómi, á dẹtí, á gbọ́ bí ẹja ṣe ń já a, á sì sọ fún ọ bóyá ara wọn le. Ohun kan ni pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun, kò sì fẹ́ kí wọ́n yin ẹlòmíràn lójú òun.

Bólúwají dé nígbà tí orúkọ Ìyá Mubashir ń dún. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Apẹja ni àwọn òbí rẹ̀, ní abúlé kan létí ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Ìyá Mubashir rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ apẹja tó wá kọ́ ẹja lọ́dọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn!" Ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì kọ́ ọ dáadáa, kò fi nǹkan kan pamọ́. Lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, Ìyá Mubashir bu omi adágún sí i lọ́wọ́, ó ní, "Omi á gbè ọ́. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí, wàá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ." Gbogbo wa ṣe àmín. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò padà dùn ún jù?

Bólúwají gba adágún tó wà lẹ́sẹ̀ ti ọ̀gá rẹ̀ gan-an. Láàárín ọdún kan, ẹja rẹ̀ ń dàgbà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọwọ́ fà wọ́n. Owú bẹ̀rẹ̀. Ìyá Mubashir á gun orí ògiri adágún rẹ̀, á díbọ́n pé òun ń wo àwọ̀n, ojú rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ oníbàárà bá dúró, á na ọrùn wò ó bóyá òkè ni wọ́n ń bọ̀. Ìyá Dùnsìn wà tó ń se ẹja aláta ní Itamaga, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìyá Mubashir ló ti ń ra ẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé báàfù rẹ̀ kọjá. Ó kí i o, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló lọ. Lọ́jọ́ náà Ìyá Mubashir kò jẹun. Ó wá jókòó sórí àpò oúnjẹ ẹja ní ìsọ̀ mi.

"Ṣé ẹ rí ohun tí mo rí?"

"Mo rí i."

"Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹja mú!"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣàdúrà fún un."

Ó kanrí. "Àdúrà yẹn ló ń dùn mí. Ó gbà ju bí mo ṣe fẹ́ lọ."

Làtífù, èèyàn jẹ́jẹ́, fẹ́ tù ú nínú. Ó ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ìyá Mubashir bi í pé, "Ṣé ojú ọ̀run la wà ni? Kòtò kan náà la jọ wà, Bàbá Mubashir." Láti ìgbà náà kò dá Bólúwají lóhùn mọ́. Ọmọ náà á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi," òun á sì máa wo omi. Kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ rárá. "Ẹni ìsàlẹ̀ yẹn" ló ń pè é.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, nítorí pé orúkọ ni a fi ń tú omi ní àfonífojì wa. Omi adágún òkè kò ní ọ̀nà mìíràn ju gọ́tà tó gba ẹsẹ̀ adágún ìsàlẹ̀ kọjá. Bí ẹni òkè bá fẹ́ dín omi rẹ̀ kù, á dúró lórí ògiri, á pe orúkọ ẹni tó tẹ̀ lé e, á ní òun fẹ́ tú omi o. Ẹni yẹn á kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu gọ́tà, á dí páìpù tirẹ̀ kí omi ẹlẹ́gbin má bàa wọ inú adágún rẹ̀, lẹ́yìn náà á dáhùn pé, "Ó yá o!" Ìgbà yẹn ni ẹni òkè á tó dẹ páìpù ìdí adágún rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá tú omi láì pe ẹnikẹ́ni, àwọn ará ẹgbẹ́ kò ní fojú rere wò ó mọ́. Látìgbà tí Ìyá Mubashir ti ń bínú, Làtífù ló máa ń wá bá a pe orúkọ náà, bó bá ráyè kúrò nídìí táyà.

Nínú oṣù kẹjọ, òjò máa ń sinmi níhìn-ín, ìgbà náà la sì ń kó ẹja tà. Ní ọdún yìí, òjò kò sinmi. Ó rọ̀ ní àárọ̀, ó rọ̀ ní ọ̀sán, ilẹ̀ mu omi títí ó fi yó. Gbogbo ilé tuntun orí òkè ló ti fi sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, kò sí ibi tí omi fẹ́ wọlẹ̀ sí ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹja Ìyá Mubashir ti tóbi nígbà náà, láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń bọ́ wọn. Àwọn ni yóò tà tí yóò fi san owó ilẹ̀. Onílẹ̀ ti ní bí kò bá rí owó, òun á gbé adágún náà fún ẹlòmíràn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Ìyá Mubashir mọ ẹni tó lè san án. Èrò pé ọmọ yẹn á wá jókòó sórí ògiri tí òun fi orí ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀. Gbogbo àfonífojì ń pariwo orúkọ. "Adéòjó o! Mo fẹ́ tú omi o!" "Ó yá o!" "Fábíyìí o!" "Ó yá o!" Adágún Ìyá Mubashir nìkan ló kún dé ẹnu. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀, mo lọ bá a.

"Ìyá Mubashir, ẹ dẹ omi yín."

"Làtífù ń bọ̀."

"Ẹnu yín dà? Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é nígbà náà."

"Ẹ dán an wò, kí ọ̀rẹ́ wa parí lónìí."

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ ni Bólúwají ti ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ìyá mi, mo ti kó ẹnu gọ́tà o! Ẹ lè tú u, mà!" Ẹ gbọ́, ọmọ náà ti dáhùn kí wọ́n tó pè é. Kí lèèyàn tún ń fẹ́? Ìyá Mubashir wò mí. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Òun ló wá ń fún mi láṣẹ báyìí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, kò fọwọ́ kan páìpù. Inú bí mi, mo padà sí ìsọ̀ mi.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìyá Mubashir gbà fún un. Òjò náà kò tíì rọ̀ púpọ̀ tí a fi gbọ́ tí òkè ń hó. Omi pupa ya wá láàárín àwọn ilé, ó gbé pálí, ó gbé bàtà, ó gbé odindi ilé adìyẹ. Adágún àwọn tó ti dín omi kù gba díẹ̀ mọ́ra. Ti Ìyá Mubashir kò ní àyè kankan. Ó sáré lọ dẹ páìpù, ó ti pẹ́ jù. Omi gun orí ògiri, ó gbé àwọ̀n léfòó, ẹja sì ń tẹ̀ lé e jáde. Ẹja àrọ̀ fẹ́ràn omi tó ń ṣàn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Mubashir di àwọ̀n mú, ó ń ké "Lá ìláhà illa Allah!" títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀, tó já sómi. Èmi àti Adéòjó la fà á jáde.

Nígbà tí òjò dá, ó dúró létí adágún. Omi inú rẹ̀ pupa, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó da oúnjẹ díẹ̀ sí i, ó dẹtí. Kò sí ẹja tó já a. Mo rò pé yóò sunkún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé ti ẹni ìsàlẹ̀ náà lọ?" Ojú tì mí fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bólúwají gòkè wá, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹja yín wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá kó wọn."

Gbogbo wa la sọ̀kalẹ̀. Bólúwají fa omi adágún rẹ̀ gbẹ, àwọn ẹja ńláńlá sì ń yí gbirigbiri nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó láti gba adágún là. Ìyá Mubashir mọ̀ wọ́n, pàápàá ìyá ẹja rẹ̀ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gé, èyí tí òun máa ń gba ẹyin lára rẹ̀ fún ọmọ ẹja. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Ó wá rí i pé ikùn gbogbo wọn yọ síta. Ó wo igun adágún, ó wo igun kejì.

"Àwọn ọmọ ẹja tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó síbí nígbà tí o ta ẹja rẹ tán dà?"

Bólúwají wolẹ̀. "Ẹja yín ti jẹ wọ́n, mà."

"O ò fi àwọ̀n bò wọ́n ni?"

"Mo bò wọ́n. Nígbà tí mo rí ẹja yín tó ń bọ̀ lórí omi, mo ká àwọ̀n náà kúrò. Bí wọ́n bá kọjá wọ gọ́tà, odò ló ń gbé wọn lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹja tó bá wọ odò ti bọ́."

"O mọ̀ pé wọ́n á jẹ tìrẹ."

"Mo mọ̀, mà."

Ìyá Mubashir jókòó sórí ògiri, ó fi ìborùn nu ojú. Ohùn rẹ̀ le nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n tún ṣẹ̀. Ó ní, "Bólúwají, oníbàárà mi wá sọ́dọ̀ rẹ, mo fara dà á. Ẹja rẹ tóbi ju tèmi, mo fara dà á. O tún wá fi inú rere jù mí lọ. Kí lo fẹ́ kí n mú ṣe tèmi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ náà láàárín ọdún kan nìyẹn. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá Mubashir bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó gbé ìyá ẹja tí irùngbọ̀n rẹ̀ gé, ó nà án sí i. "Gbà. Gba ẹyin lára rẹ̀, kí o rí ọmọ ẹja míì." Ẹ wò ó, ẹnu rẹ̀ ní kó gbà á, ọwọ́ rẹ̀ kò tú u sílẹ̀. Àwọn méjèèjì di ẹja náà mú, ẹja sì ń jà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìka Ìyá Mubashir tó dẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó yíjú kúrò, kó má bàa rí bí ẹja náà ṣe ń wọ báàfù ẹlòmíràn.

Owú rẹ̀ kò tíì tán o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Lánàá, ó ṣì ń na ọrùn wo ọkọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ tí a kó ẹja rẹ̀ padà sókè náà, òkùnkùn òjò tún ṣú lójú ọ̀run. Làtífù kò sí nítòsí. Gbogbo wa ń wò ó. Ó gun orí ògiri, ó so ìró rẹ̀ le, ó fa ohùn bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà.

"Bólúwají o! Mo fẹ́ tú omi o!"

Ó dúró. Nígbà náà ni ohùn ọmọ náà gòkè wá látinú adágún tó ṣófo, tí kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀ tí omi lè bà jẹ́.

"Ó yá o, ìyá mi!"