Bàbá Onílé Wa àti Omi Tó Jẹ́ Àlejò

Ẹ má bínú, ìwé mi kò pọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Bí omi bá wọlé, bàbá onílé wa l'Ágége a gbé ẹsẹ̀ sórí àga, wọn a ní, "Àlejò ni, yóò lọ."

Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ ra ilé tí omi ń yọ lẹ́nu, bàbá ní kí a gbọ́n omi, kí a nu ilẹ̀, kí owó ilé lè pọ̀.

Ọ̀gá tó wá wò ó ní, "Bàbá, ilé yín gbẹ. Ilé tí omi ń wọ̀ là ń rà."

"Ọmọ mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

"Màá tún yà wò ó lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí bàbá tó jí, mo gbé garawa, mo rọra ń da omi gọ́tà sí pálọ̀ wọn.