Ibi Tí A Ti Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Bí ẹ bá ti ìlú wa ń lọ sí ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, tí ẹ kọjá odò kékeré kan tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Lójú òkè yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́pàá wà. Ìtì igi méjì ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà, ọ̀kan nísàlẹ̀, èkejì lókè lọ́hùn-ún, àga onípákó wọn sì wà lábẹ́ igi máńgòrò láàárín méjèèjì.

Onímọ́tò á rọra, á juwọ́, á kọjá. Àwa tí a wà lórí alùpùpù là ń sọ̀ kalẹ̀. Kí a tó dé igi àkọ́kọ́, ẹni tó ń gùn ún á ti pa iná rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin á ṣí fìlà, a ó wá máa fi ọwọ́ ti máṣíìnì lọ títí a ó fi kọjá igi kejì. Ìgbà yẹn la ó tó tún gùn ún. Mo ti ṣe é títí débi pé n kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é.

Kí n má parọ́ mọ́ àwọn ọlọ́pàá náà o. N kò rí i kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń dùn mí.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní sífíìkì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ẹ̀tọ́ ará ìlú. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà dé ibi tó bá wù ú ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ, n ó ní kí wọ́n fa ìlà sí i nídìí, aago á lù, oníkálukú á gbalé lọ. Bí mo bá wá ní nǹkan ṣe ní ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, n ó dé ìsàlẹ̀ òkè, n ó sọ̀ kalẹ̀ bíi gbogbo ayé.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà bá jù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko rẹ̀ wà ní ìkọjá àwọn ọlọ́pàá, níbi tí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yà wọ inú igbó, iṣu ló sì ń gbìn níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàdo àti gbágùúdá díẹ̀. Làkúrègbé ti mú orúnkún rẹ̀ ọ̀tún láti bí ọdún mélòó kan. Bó bá wà lórí máṣíìnì, ẹ ò ní mọ̀. Ó ń gùn ún bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, á tún máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi tí orúnkún mi pé ni mo di òun mú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Ilẹ̀ ló ń bá a jà. Bó bá ń lọ sí oko, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dúró sinmi láàárín igi méjì yẹn.

Bíbọ̀ ló tún wá burú jù, nítorí ìsàlẹ̀ ni òkè ń dà á sí, ẹrù á sì máa ti máṣíìnì lẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, orúnkún kọ̀ fún un. Máṣíìnì ṣubú, òun náà ṣubú tẹ̀ lé e, iṣu sì yí dé etí odò. Ojú mi ló ṣe, nítorí èmi náà lọ kó àgbàdo lọ́jọ́ náà, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sáré wá. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ ara aṣọ rẹ̀, wọ́n ṣa iṣu rẹ̀ jọ, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń pè é ní Bàbá mi, Bàbá mi. Wọ́n bá a di ẹrù náà padà, ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró, tí wọ́n ń wò ó bó ti ń tiro, tó ń ti máṣíìnì lọ sí igi ìsàlẹ̀. Èmi náà ń wò ó.

Nígbà tí a délé, kò bínú, ìyẹn ló sì já mi láyà. Ó ní òun ti ṣe oko tán, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wá gba ilẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń dá àwọn tó kí i lóhùn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ọjọ́ wo la wà lónìí, bàbá mi tó mọ ọjọ́ ọjà gbogbo ìlú láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí lórí. Ìyá mi ti dolóògbé, èmi nìkan ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá fi oko sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà á fi fi wá sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Mo bá pinnu pé n ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Òfin wo ló ní kí arúgbó máa sọ̀ kalẹ̀? Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ki ìwé sífíìkì bọ báàgì, mo ṣe àmì sí ojú ewé tó sọ nípa ẹ̀tọ́ ìrìn, àfi bí ẹni pé àwọn ọlọ́pàá fẹ́ ṣe ìdánwò. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń ka ohun tí n ó sọ lábẹ́lẹ̀. Mo dé ìsàlẹ̀ òkè, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀gá wọn lábẹ́ máńgòrò, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà kò lè ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ìwé kò jáde nínú báàgì.

Ará Ìjẹ̀bú ni, ohùn rẹ̀ ti sọ ọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ó dìde fún mi kí n lè jókòó sórí àga. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo bá fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé bàbá mi fún un. Ó rántí ọjọ́ tí iṣu yí dànù, ó ní ó dun àwọn. Ìgbà náà ni mo wá béèrè pé kí ó má bínú, òfin wo ló ní kí a máa sọ̀ kalẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, “Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé àwa la ní kí ẹ máa sọ̀?”

Ó ní ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé òun wá síbí, bí òun ṣe bá a nìyẹn. Òun rò pé àṣà ìlú wa ni. Nígbà tí òun lọ sílé, òun tiẹ̀ ròyìn wa fún ìyàwó òun pé àwọn ará Òkè-Ògùn mọ ọ̀wọ̀ débi pé wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá bí ẹni pé wọ́n dé iwájú ọba. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ kò jáde.

Nítorí mo ti rántí. Àwọn ṣọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé kó jìnnìjìnnì bá gbogbo olóko, àwọn ṣọ́jà wá dúró lójú òkè yẹn fún oṣù mélòó kan, ẹni tí kò bá sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà á rí nǹkan. Inú wa dùn pé wọ́n wà níbẹ̀, kí n sòótọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn ọlọ́pàá bọ́ sí ipò wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ni yóò sá. A ò bi àwọn ẹni tuntun léèrè ohunkóhun. À ń sọ̀ lọ ni. Àwa rò pé àwọn ló fi òfin de wá, àwọn rò pé àwa la fi àṣà dá àwọn lọ́lá.

Mo bi í pé bí ẹnì kan bá wá gun máṣíìnì kọjá lọ́la láìsọ̀ ńkọ́. Kò parọ́ fún mi.

“A ó fura sí i. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀, Àǹtí. Ẹni tí kò bá wá sọ̀, kí ló gbé?”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí láti ọjọ́ náà. Kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí ìwé sọ fún wa ni pé ìjọba lè gba ẹ̀tọ́ èèyàn. Kò sọ fún wa pé àwa aládùúgbò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìkíni wa, lè tò sẹ́yìn ara wa títí ẹni tó bá lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ á fi jọ olè.

Ọ̀gá náà ṣàánú mi. Ó ní kí n sọ fún Bàbá pé kí ó máa gùn ún kọjá, òun á sọ fún àwọn ọmọ òun. Bàbá nìkan o. Mo dúpẹ́, mo tún kúnlẹ̀, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn títí mo fi délé.

Bàbá mi gbọ́ ọ parí. Ó ní àwọn yòókù ńkọ́? Mo ní òun nìkan ni. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó fọwọ́ pa á.

“Ìyẹn ni pé o lọ bá mi tọrọ ọ̀nà, Tíṣà. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wa fi àdá àti ọkọ́ là, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i.”

Inú bí mi. Mo ní ṣé ìgbéraga ló máa hú iṣu lóko ni. Mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní bó bá jẹ́ òfin ni, kó mú gbogbo wa, bí kò bá sì jẹ́ òfin, kó fi gbogbo wa sílẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo tiẹ̀ béèrè pé òfin ni àbí kì í ṣe òfin. Mo ní mo béèrè, ọ̀gá náà sì ní àwọn kọ́ ló ṣe é.

“Ó tó,” ni bàbá mi wí. Ó ní kí n bá òun wá àdá òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n gun máṣíìnì lẹ́yìn òun. Ọ̀gá ará Ìjẹ̀bú kò sí níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ọlọ́pàá méjì mìíràn ni, ojú wọn ṣàjèjì sí mi, ọ̀kan sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. Èèyàn bíi méje ti bọ́ sílẹ̀ níwájú wa, wọ́n ń ti máṣíìnì wọn gòkè. Bàbá mi rọra, bí èèyàn ṣe ń rọra nítorí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sì pa iná. Ó kọjá igi ìsàlẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbé ìbọn na ọwọ́ sókè. Bàbá mi dúró, ó fi ẹsẹ̀ tó dára tẹlẹ̀, ó kí wọn, ó sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.

Wọ́n ní kó mú pátíkúlà rẹ̀ wá. Ó mú un, ó pé. Wọ́n ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn náà pé. Ọlọ́pàá náà dá ìwé padà fún un, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀?”

“Ọmọ mi, ṣé òfin ni?” Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ọlọ́pàá náà wo ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì ń wo ọ̀nà. Àwọn tó ń ti máṣíìnì ti dúró. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá náà ju ọwọ́ pé kí ó máa lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀yìn bàbá mi ni mo ń wò láti bí ìṣísẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Mo wà nílẹ̀. Nígbà tí a dé igi ìsàlẹ̀ ni mo ti bọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tí n kò mọ̀, tí mo dúró láàárín àwọn tó ń ti máṣíìnì, báàgì mi lápá. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi gùn ún gòkè, ó kọjá igi kejì, ó dúró dè mí láìpa iná máṣíìnì. Mo fẹsẹ̀ rin gbogbo òkè náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti ń retí ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó rọra bi mí léèrè ni, pé ta ló ní kí n sọ̀.

Mo wá ẹni tí n ó dárúkọ fún un, n kò rí.