Báàfù Tó Wà Lẹ́yìn Tulsi

Láti ọdún tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun àpò ti tì pa ni Khagen Dolui ti ń sin ẹja nínú ilé wa ní Howrah, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Jethu ni mo ń pè wọ́n. Ẹja wọn kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Kò gùn tó ìka ọwọ́ mi, inú àpótí gíláàsì ló ń gbé, láàárín koríko inú omi tí Jethu ń fi àlùmọ́gàjí gé bí onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun ọkọ ìyàwó. Mo sọ fún wọn nígbà kan pé bí wọ́n bá fi ìdajì ìtọ́jú yẹn tọ́jú irùngbọ̀n ara wọn, bóyá Jethima ìyàwó wọn á máa bu ẹja ńlá fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ wá ọkọ, kí n fi irùngbọ̀n àwọn sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni khalse kékeré, irú èyí tó pọ́n bí oyin. Nínú oko ìrẹsì ni àwọn èèyàn wa ti ń mú un tipẹ́, Jethima sì gbà pé inú ọbẹ̀ músítádì ló yẹ kó parí ayé rẹ̀ sí. Akọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu kó ìfófó jọ sójú omi bí ìtẹ́. Abo á yé sí i, akọ á máa ṣọ́ ẹyin. Ṣùgbọ́n akọ tí kò yó kì í kọ́lé, kò sì sí oúnjẹ tó ń yó o bíi tanwíjí.

Nítorí náà, lókè ilé, lẹ́yìn ìkòkò tulsi, ewé bí efinrin tí Jethima ń gbàdúrà níwájú rẹ̀, Jethu ní báàfù dúdú kan tí kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á bu omi tó mọ́ sí i, wọ́n á wọ́n eèrí díẹ̀ lé e, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ̀fọn lè yé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á sì kó tanwíjí ibẹ̀ tán kó tó di ẹ̀fọn. "Omi òjò fún tulsi ni," ni wọ́n sọ fún Jethima. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n kúkú sọ àwọn tanwíjí náà lórúkọ bí ọmọ.

Ìparí Bhadra, oṣù òjò wa, dé, ọjọ́ tí a kì í dáná, tí oúnjẹ àná là ń jẹ ní tútù. A lọ sílé àwọn èèyàn Jethima. Ọjọ́ kejì la ní a óò padà. Òjò gba ojú ọ̀nà, ó di ọjọ́ karùn-ún. Bí a ṣe wọlé, Jethu ò bọ́ bàtà tí wọ́n fi gun òkè. Mo tẹ̀ lé wọn. Atẹ́gùn ti ká nẹ́ẹ̀tì kúrò. Nǹkan kan ò mira nínú omi. Awọ òfìfo ló léfòó, ó tó igba.

"Wọ́n ti fò lọ," ni Jethu wí.

"Ẹ má dààmú," mo ní, "wọ́n á padà wá kí yín."

Wọ́n da omi náà nù, wọ́n sì dojú báàfù dé.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ibà mú Mithi, ọmọ Chhanda tó ń gbé ìtòsí wa. Ọmọ ọdún méje ni. Òun ló máa ń ti ilé ìwé wá lẹ imú mọ́ gíláàsì Jethu, táá máa bèèrè èwo ni ọkọ èwo ni ìyàwó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà déńgì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin méjì tí ìjọba ń rán láti yẹ omi ilé wò nítorí ẹ̀fọn dé. Wọ́n tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo àpótí ẹja, wọ́n gun òkè, wọ́n rí báàfù tó dojú dé.

"Bí gbogbo ilé bá rí báyìí, a ò níṣẹ́ mọ́," ni àgbà inú wọn wí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára ògiri wa. Tíì ọwọ́ Jethu dà sí ẹsẹ̀ ara wọn, Jethu ò sì mọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Jethu jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo jókòó tì wọ́n.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lómi," mo ní. "Èèpo àgbọn kún ẹ̀yìn ilé gbogbo èèyàn."

"Àwọn èèyàn yẹn gbàgbé tiwọn síta ni. Èmi ń fún tèmi lóúnjẹ."

"Ta ló lè mọ ẹ̀fọn tó jẹ Mithi?"

"Mo bi oníṣègùn. Mo ní, bí ẹ̀fọn bá fò lónìí, ọjọ́ mélòó ni ibà á fi múni? Ó ní ó lè tó ogún." Wọ́n na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Kà á."

Mi ò kà á. Mo ti kà á.

Jethima ti ilé ìdáná jáde, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Omi tulsi," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún Chhanda. Bí ẹ bá sọ ọ́, àdúgbò á fọ́ gíláàsì yín."

"Kí wọ́n fọ́ ọ."

"Ṣé orí yín ni wọ́n á fi sílẹ̀?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò fi dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ń lọ sí ilé ìwòsàn, mo ń fi ẹnu mi ṣe bí ẹja sí Mithi kó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Chhanda sáré wálé wá mú aṣọ ọmọ, ó sì yà sọ́dọ̀ wa. Kaku ló máa ń pe Jethu. "Kaku, ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá khalse ti yé."

"Chhanda, jókòó."

"Mi ò ráyè jókòó, Kaku."

Jethu náà dìde. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró: báàfù, eèrí, ọjọ́ òjò, awọ tó léfòó. Wọn ò fi kún un, wọn ò yọ kúrò. Chhanda di gáùn pupa ọmọ náà mú.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ní déńgì ni."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo mi orí pé mo mọ̀.

"O wá ń ṣe bí ẹja fún ọmọ mi." Ó ká gáùn náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Mi ò ní pariwo, Kaku. Mi ò ní okun ariwo lára." Ó jáde.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ó sọ ọ́, ìyẹn ì bá rọ Jethu lọ́rùn jù. Mithi padà wálé lọ́jọ́ kọkànlá, ó rù bí igi ìgbálẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ wa, a sì mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kó wá.

Jethu wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò kiri àdúgbò, wọ́n ń da ẹja kéékèèké sínú dírọ́ọ̀mù omi ilé kọ̀ọ̀kan kó lè máa jẹ tanwíjí. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́, wọ́n ń sàdúrà fún wọn, Jethu ń sá fún àdúrà. Ilé Chhanda ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn. Èmi ni mo gbé ìgò.

Chhanda ṣílẹ̀kùn. Ó wo ìgò, ó wo Jethu.

"Ẹ dà á sínú dírọ́ọ̀mù," ló wí. "Kí ẹ sì máa lọ."

"Mithi ńkọ́?"

"Kò sí nílé."

A ń gbọ́ ohùn Mithi nínú yàrá, tó ń ka ìṣirò sókè. Jethu mi orí pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹríba sórí dírọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń da ẹja náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú.